Obìnrin Tí Wọ́n Ń Gún Lára Ìkòkò

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé Baba Walter ní Nunhead nílùú òyìnbó, ọkùnrin kan ń pa obìnrin kan lórí pẹpẹ pálọ̀ wọn. Ara ìkòkò ni wọ́n yà wọ́n sí. Ọkùnrin náà dúdú, ó dé akoto ogun tó bo gbogbo orí rẹ̀, ẹyinjú kan péré ló hàn. Obìnrin náà ti wólẹ̀ lórí eékún, ó gbójú sókè, ó ń wò ó. Ọ̀kọ̀ ọkùnrin náà ti wọ ọ̀fun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wálẹ̀ ní ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́. Mo di ike oògùn mú, mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀.

Baba Walter ní láti orí àga wọn, "Ó rẹwà, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní, "Kò rẹwà rárá, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n, òyìnbó tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Iṣẹ́ títò ìkòkò àtijọ́ tó fọ́ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣe fún àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìkòkò ilẹ̀ Gíríìkì ló kún ilé náà. Díẹ̀ nínú wọn ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, èyí tó kù ni wọ́n fọwọ́ ara wọn mọ láti fi kọ́ ọ̀nà àwọn àtijọ́. Ilé iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà tó gbà mí wá sílùú yìí ló ń rán mi sí wọn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí n wẹ̀ wọ́n, kí n fún wọn lóúnjẹ àti oògùn. Wọ́n ní kí n máa pè wọ́n ní Walter. Mo ní mi ò lè ṣe é. Nílé wa, ọkùnrin tó fi ọdún méjì péré jù mí lọ gan-an, mi ò ní pe orúkọ ẹ̀ láìfi nǹkan kan síwájú ẹ̀. A wá fẹnu kò sí Baba Walter.

Ọmọ amọ̀kòkò ni mí. Òkèlele ní Ìlọrin ni màmá mi ti ń mọ ìkòkò omi àti ìkòkò ọbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Àwa náà máa ń ṣe ìkòkò lọ́ṣọ̀ọ́. A máa ń yí ṣùkù àgbàdo lára amọ̀ tútù kó lè ní ìlà, tó bá sì jáde nínú iná, a ó wọ́n omi èèpo irúgbá tó gbóná sí i lára kó lè dán. Àmọ́ a kì í ya ènìyàn sí i. Ta ló fẹ́ kí òkú máa wo òun bí òun ṣe ń bu omi mu? Ohun tí mo ń rò nìyẹn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, tí mo bá ń fọ ẹsẹ̀ bàbá náà, tí ọkùnrin kan ń fi ẹṣin wọ́ òkú nílẹ̀ lára ìkòkò kan, tí òmíràn ń fi idà gún ara rẹ̀ lára ìkòkò kejì.

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Peckham, níbi tí à ń gbé. Ìdákẹ́jẹ́ inú ilé ni. Ní agboolé wa, bí ọkùnrin bá gbọ́wọ́ sókè sí ìyàwó ẹ̀, kó tó sọ ọ́ kalẹ̀, ìyá àgbà ẹnì kan á ti wọlé láìkanlẹ̀kùn, á ti dúró sáàárín wọn, á máa ṣépè. Yàrá kan ni èmi àti ọkọ mi háyà nínú fúláàtì Aunty Risi, ní àwọn ilé tuntun tí wọ́n kọ́ rọ́pò North Peckham àtijọ́. Aunty Risi àti Zainab ọmọ wọn ń gbé yàrá kejì. Alẹ́ àkọ́kọ́ tí Mufútáù ọkọ mi lù mí, mo retí kí ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Orin ni mo gbọ́ tí wọ́n yí sókè ní òdìkejì ògiri.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni. Tó bá wọ kíláàsì, gbogbo ọmọ á dìde. Èmi ni mo rí físà, òun sì tẹ̀ lé mi. Nínú ìwé tí wọ́n fún un, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ló gbára lé. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá, ó ká a, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó rí iṣẹ́ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bermondsey, ó ń di ẹrù sínú páálí. Ọmọdékùnrin tí ọjọ́ orí ẹ̀ ò ju ti àwọn ọmọ tó kọ́ lọ ló ń jágbe mọ́ ọn níbẹ̀. Gbogbo ìjágbe yẹn ló ń kó wálé wá fún mi.

Etí ló kọ́kọ́ gbá. Lẹ́yìn náà ló di ẹ̀ṣẹ́, ó sì mọ ibi tí aṣọ máa ń bò. Lọ́jọ́ kan, ó fi áyọ́ọ̀nù jó mi lẹ́yìn nítorí mo bá òṣìṣẹ́ council sọ̀rọ̀ kó tó lanu. Mo ń fi ẹ pè é bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," bí ìyàwó rere. Tó bá sì lù mí tán, ó máa ń sunkún. Á kúnlẹ̀, á di ẹsẹ̀ mi mú, á gbójú sókè wò mí. Ìfẹ́ ló wà nínú ojú yẹn. Mo mọ ìfẹ́ tí mo bá rí i, mi ò sì rí ọkùnrin mìíràn tó wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ojú yẹn ni mo ń jókòó tì.

Tí màmá mi bá pè ní ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, mo máa ń lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Ṣé ara le?"

"Ara le, mà."

"Mufútáù ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbi iṣẹ́, mà."

"Lẹ́ẹ̀marùn-ún lo ti sọ pé ara le láti ìgbà tí mo ti pè, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bi ọ́."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín, kí n sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ṣàṣìṣe. Ilé iṣẹ́ wa kìlọ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹrù oníbàárà. Mo kàn ní kí n nu eruku orí pẹpẹ ni. Kí n tó mọ̀, mo ti jókòó sórí àpótí, mo ti gbé ìkòkò tí wọ́n ti ń gún obìnrin yẹn lé itan, mo sì fi eegun ìka kàn án. Bí màmá mi ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ìkòkò tó bá jáde nínú iná nìyẹn kí wọ́n tó jẹ́ kó dé ọjà. Ìkòkò tó pé máa ń dún gooo. Èyí dún kè. Mo kàn án lódìkejì. Kè.

Mo ní, "Baba, ìkòkò yín ti là."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo rántí ibi tí mo wà. Ohun tó wà lórí itan mi yẹn lè ra gbogbo Òkèlele. Tí wọ́n bá fi ẹjọ́ mi sùn, iṣẹ́ á lọ, físà á sì tẹ̀ lé e.

Wọ́n ní, "Ibo ló ti là?"

Mo rọra ń kàn án, mo ń fetí sí i, mo sì fi ìka tọ ọ́ láti ẹnu ìkòkò wálẹ̀. "Ibí yìí ni. Ó gba ọrùn obìnrin yìí kọjá."

Baba Walter bojú. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, oníṣòwò kan gbé àfọ́kù ìkòkò náà wá, ó ní òun fẹ́ kó dà bí èyí tí kò fọ́ rí. Wọ́n ṣe é. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi awò ńlá wò ó, kò sẹ́ni tó rí i. Nígbà tí oníṣòwò náà kú, ìtìjú mú kí wọ́n rà á padà kó má baà máa tan ènìyàn jẹ mọ́.

Wọ́n ní, "Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ́dọ̀ rí ìkòkò tó pé, ẹni tó bá sì sún mọ́ ọn gbọ́dọ̀ rí ibi tó ti fọ́. Tí o bá fi pamọ́ fún ẹni tó sún mọ́ ọn, èké ni."

Wọ́n wá gbé awò iṣẹ́ wọn sójú, wọ́n ní kí n súnmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, níbi tí mo ti fi páúdà kun ojú ọgbẹ́.

"Ẹni tó kun èyí, bí mo ṣe kun tèmi ló ṣe kùn ún."

"Mo ṣubú ní balùwẹ̀ ni, sà."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

Mo dìde, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọ́ mi. Wọ́n ní ẹfun làwọn ayàwòrán yẹn fi ń kun ara obìnrin, kí ó lè yàtọ̀ sí ọkùnrin tó dúdú. Mo ní ẹ rí i, òyìnbó ni wọ́n ya àwọn obìnrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní iná ló ń mú dúdú yẹn wọra, ẹfun kì í wọra dáadáa. Bí ọdún ṣe ń lọ, ó ń ṣí. Ìdí nìyẹn tí ojú obìnrin tí wọ́n ń gún fi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, nígbà tí ẹni tó ń gún un ṣì ń dán. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára, mo sì mú un wọ bọ́ọ̀sì délé.

Mo béèrè ìtàn wọn. Baba Walter ní ọbabìnrin àwọn obìnrin ajagun ni, ọkùnrin yẹn sì ni akíkanjú ọ̀tá rẹ̀. "Ìgbà tí ọ̀kọ̀ wọlé ni ojú wọn pàdé. Ìgbà yẹn gan-an ni ìfẹ́ rẹ̀ wọ ọkùnrin náà lọ́kàn."

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó sunkún."

"Ó sunkún! Ṣé ó yọ ọ̀kọ̀ náà?"

"Ó ti pẹ́ jù."

Inú bí mi débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì sílẹ̀. Mo ní ìtàn burúkú ni, ẹni tó sọ ọ́ ò sì mọ ohun tí ó ń jẹ́ ìfẹ́. Baba Walter ń wò mí, mo sì mọ̀ pé ọkùnrin ara ìkòkò kọ́ ni mò ń bá jà.

Ayọ̀ wà níbẹ̀ náà, kò yẹ kí n fi pamọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé amọ̀ wá láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n fi tiwa han àwọn. Mo dojú abọ́ kan délẹ̀, mo tẹ́ amọ̀ lé ìdí ẹ̀, mo ń gbá a bí màmá mi ṣe ń gbá a. Wọn ò gbà pé ènìyàn lè mọ ìkòkò láìsí ẹ̀rọ tó ń yí. Wọ́n fi ọwọ́ gbígbọ̀n wọn di etí ẹ̀ mú, èmi ń mọ ọ́n lọ. Mo ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá mi. Wọ́n dá a padà pé, "Ẹnu ẹ̀ wọ́. Ìdí ẹ̀ dára." Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Fídíò yẹn ni Mufútáù rí lórí fóònù mi, pẹ̀lú àdírẹ́sì ilé náà.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹnì kan tẹ bẹ́ẹ̀lì ní Nunhead. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ni. Òun ni, ó ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tààrà, ó ṣì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń wọ̀ níbẹ̀. Ó fi híjáàbù mi wọ́ mi wọ pálọ̀.

"So this is your shift? Ìwọ àti òyìnbó arúgbó yìí, ẹ ń di ọwọ́ ara yín mú nínú amọ̀, o sì ń fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná."

Ó gbá mi lẹ́nu. Mo tọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi wò. Ó na apá, ó gbá gbogbo ohun tó wà lórí pẹpẹ dànù. Ohun tó ti la ogun àti ìmìtìtì ilẹ̀ kọjá fọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì Nunhead kí n tó kígbe. Ìkòkò obìnrin yẹn nìkan ló kù lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e sókè láti sọ ọ́ lù mí. Baba Walter ti dìde pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń rìn. Mo rò pé ìkòkò wọn ni wọ́n fẹ́ gbà. Wọn ò tiẹ̀ wò ó. Wọ́n wá dúró síwájú mi, wọ́n na apá méjèèjì.

Mufútáù fi ọwọ́ kan tì wọ́n. Ìbàdí wọn kọlu etí òkúta ibi ìdáná, mo sì gbọ́ ìró egungun. Ó sọ ìkòkò náà. Ó bà mí léjìká, ó fọ́. Ó tì mí ṣubú, ó kúnlẹ̀ lé mi láyà, ó fún mi lọ́rùn.

Ojú wa pàdé. Mo rí i bí ó ṣe ń bọ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀, omi dé sí i, ọwọ́ rẹ̀ ń tú díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Dárí jì mí, ayé mi." Ìfẹ́ náà tún ti dé. Àwọn ọjọ́ mìíràn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń bá a sunkún. Lọ́jọ́ yẹn, mo ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo ń wo Baba Walter nílẹ̀, ẹnu wọn là, ohùn ò jáde. Mo fọwọ́ wá ilẹ̀, mo kan àfọ́kù kan, mo sì fi fa apá rẹ̀ ya láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́.

Ó fò dìde. Ó wo ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé èmi ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ó sá jáde, mo sì pe áńbúláǹsì.

Àwọn ọlọ́pàá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, Alhaji kan tó jẹ́ àgbà ní mọ́ṣáláṣí wa ti pè mí.

"Ọmọ mi, a ti gbọ́. Ní sùúrù. Ṣáà sọ fún wọn pé bàbá yẹn slip ni. Ìwọ lo ni visa. Tí o bá report ẹ̀, wọ́n á deport ọkọ ẹ, ojú á tì wá nílé."

Mo ti purọ́ fún dókítà lẹ́ẹ̀mejì rí lórí ara mi, irọ́ náà sì wà ní ẹnu mi. Zainab ọmọ Aunty Risi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti yunifásítì sáré wá bí mo ṣe pe ìyá ẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Alhaji nínú fóònù.

Ó ní, "Aunty, don't even answer him. I swear down, mo máa ń gbọ́ yín through the wall, every time. Mo máa ń yí music mi up. Mi ò mọ what to do." Ó ń sunkún. "Ẹ má bínú, Aunty. Màá sọ fún the feds, àwọn police yìí, even if ẹ̀yin ò talk."

Inú bí mi sí i gidigidi. Lẹ́yìn náà ni mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Alhaji ṣì wà lórí fóònù. Mo ní, "Alhaji, Baba Walter ò yọ̀ ṣubú. Egungun wọn kì í ṣe tèmi tí màá fi purọ́ lé e lórí." Mo pa fóònù.

Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún obìnrin ọlọ́pàá náà, láti etí dé áyọ́ọ̀nù dé ọrùn. Mo sọ ti apá rẹ̀ tí mo ya náà. Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò pòṣé, kò ní kí n ní sùúrù. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń sunkún pé kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbí. Nínú yàrá kékeré yẹn, inú mi dùn sí i. Obìnrin yẹn ò mọ ìyá Mufútáù, kò jẹun níbi ìgbéyàwó wa, kò sí orúkọ ẹbí kan tó fẹ́ gbà là. Èmi nìkan ló wà níwájú ẹ̀.

Mo rí Baba Walter lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wọn. Ilé iṣẹ́ ti gbé mi kúrò lọ́dọ̀ wọn, àlejò ni mo bá wọlé.

"Ṣé o kó àfọ́kù ìkòkò obìnrin yẹn?"

"Mo kó o, Baba. Páálí méjì."

"Tí mo bá délé, màá tò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, màá jẹ́ kí ojú ibi tó fọ́ hàn."

"Ẹ má tò ó mọ́."

Wọ́n bínú. Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ohun tí à ń gbá dànù. Mo ní a kì í gbá a dànù nílé wa náà, àpáàdì la fi ń fọn iná. Wọ́n ní kí n máa lọ, mo ti ń dá àwọn lágara. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ní kí n mú bisikíìtì wá lọ́la.

Mi ò ní sọ àdúgbò tí yàrá ìpamọ́ tí àwọn ọlọ́pàá bá mi rí wà. Ọjọ́ kẹrin tí mo débẹ̀ ni màmá mi pè. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá amọ̀.

"Ìyá ọkọ ẹ wá síbí lánàá. Wọ́n jókòó láti àárọ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì. Wọ́n ní o fi ọmọ àwọn lé ọlọ́pàá òyìnbó lọ́wọ́."

"Kí lẹ sọ fún wọn, mà?"

"Mo ní mi ò tíì gbọ́ tìẹ. Ó yá, sọ tìẹ."

Mo sọ ọ́. Mi ò fo ibì kankan. Nígbà tí mo dé ibi áyọ́ọ̀nù, mi ò gbọ́ ọwọ́ tó ń gbá amọ̀ mọ́. Mo sọ ọ́ tán. Mo ń dúró de ọ̀rọ̀ sùúrù.

Wọ́n ní, "Yàrá tí o wà yẹn, ṣé ó ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ó ní, mà."

"Ta ló tún ní irú ẹ̀ lọ́wọ́?"

"Èmi nìkan, mà."

"Dìde. Lọ tì í, kí n gbọ́."

Mo ti tì í tẹ́lẹ̀. Mo ṣí i, mo gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo tún un tì.

Wọ́n ní, "Mo gbọ́."